Gbodo Inú Àgbàlá Kẹta

Pọ́ǹpù tí wọ́n ti ń retí láti ọdún méjì ààbọ̀, ọjọ́ tí kò yẹ kó dé gan-an ló dé. Ọjọ́rú ni. Ràsáàkì ò tíì mu ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀ tán nígbà tí ìró alùpùpù ọ̀gá rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Olúkúnlé ni orúkọ ọ̀gá náà, òun ni alábòójútó iṣẹ́ omi ní ilé-ìwé olùkọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Ṣakí. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ, síbẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí alùpùpù bẹ́ẹ̀, ó pe ẹni tó lè bí i lọ́mọ ní Ràsáàkì lásán, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀. Ó ní pọ́ǹpù ti wọlé láti Ìbàdàn ní ìdájí. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la, kí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú adágún kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí àwọn sójà tó ń ṣèjọba báyìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ jọ̀ọ́.

Ràsáàkì béèrè bóyá wọn ò lè fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Olúkúnlé ní ṣé kí òun lọ sọ fún sójà pé Ràsáàkì ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ṣáná sí alùpùpù, ó lọ, eruku sì bo ẹ̀kọ tó kù nínú abọ́.

Iṣẹ́ tí Ràsáàkì ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi yangàn. Ẹgbẹ̀rin akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé náà, ohun tí wọ́n bá sì ṣe nílé ìgbẹ́ a gba inú páìpù lọ sínú adágún kan nísàlẹ̀ ọgbà. Omi a lé sókè, a ṣàn lọ. Èyí tó wúwo a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, dúdú, kíki, òun ni wọ́n ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Tó bá pọ̀, wọ́n ní láti fà á jáde sínú àwọn àgbàlá símẹ́ńtì mẹ́rin tó wà nítòsí, kó má ga ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kí oòrùn pa á títí yóò fi sán bí ilẹ̀ odò inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń fi ṣọ́bìrì kó o jọ, tí òjò ọdún kan a tún lù ú kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sí oko igi. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ọdún mẹ́tàlá ni Ràsáàkì ti wà nídìí ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tí pọ́ǹpù àtijọ́ kú, wọ́n kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn. Ìbàdàn fèsì pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú fáìlì. Wọ́n tún kọ, Ìbàdàn ní fáìlì ti kúrò lórí tábìlì kan, ó ti dé orí òmíràn. Láàárín àkókò tí fáìlì ń rin ìrìn àjò rẹ̀ yìí, adágún ń ga sí i, àwọn àgbàlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣófo. Òjò méjì fọ̀ wọ́n, oòrùn lá wọn gbẹ, wọ́n mọ́ ju ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ẹ wá wò ó. Nílẹ̀ Òkè-Ògùn, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, tó mọ́, tí kò lólówó wà níbì kan, kí obìnrin rí i kó gbójú kúrò, ta ló lè ṣe é? Ìgbà gbodo ni, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń gún ṣe èlùbọ́. Wọ́n ti bẹ iṣu, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú, ibi tí wọn yóò sá a sí ló kù. Orí àpáta ti kún. Orí páànù ti kún. Etí títì ni àwọn mìíràn ń sá tiwọn sí, tí táyà mọ́tò ń gorí ẹ̀. Àdìjátù, ìyàwó Ràsáàkì, ló kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ lọ sí àgbàlá kẹta lọ́dún méjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ béèrè, ọkọ rẹ̀ ní rárá. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Àwọn tó mọ Ràsáàkì mọ̀ pé tó bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Àwáwù, ìyá Mùstàfá, tó jẹ́ aládùúgbò wọn, tẹ̀lé e lọ. Nígbà tó sì ń rẹ̀ wọ́n láti máa gbé agbọ̀n gun ògiri tó ga dé ìbàdí, wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kúrò lára ògiri tó wà láàárín àgbàlá kejì àti ìkẹta, kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Àdìjátù ló fi ọkọ́ yọ ọ́, Ràsáàkì ló bá a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun yóò dí i padà tí pọ́ǹpù bá dé.

Pọ́ǹpù ti dé.

Àwáwù ti kó tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti tà á. Gbodo Àdìjátù nìkan ló wà nílẹ̀, iṣu tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, tó tẹ́ láti ògiri dé ògiri nínú àgbàlá kẹta. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni yóò gbẹ tán. Ìrọ̀lẹ́ ni Fàtímọ̀, oníbàárà rẹ̀ láti Ìbàdàn, ń bọ̀ wá kó o. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Kíkẹ́, ọmọbìnrin wọn, yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Oṣù mẹ́rin rèé tí ìjọba ò tíì san owó oṣù Ràsáàkì, nítorí náà gbodo ni owó ilé-ìwé, gbodo ni aṣọ funfun, gbodo ni tìmùtìmù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan, aláwọ̀ búlúù, nìkan ni wọ́n tíì rí rà nínú gbogbo ohun tó wà lórí ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fún wọn. Orí ẹní Kíkẹ́ ló wà, ó sì ń nù ún láràárọ̀ bí ẹni pé eruku mìíràn ò sí nínú ilé.

Àdìjátù ní òun ò lè kó gbodo báyìí, tó bá wọ àpò ní tútù, yóò bu, Fàtímọ̀ ò sì ní rà á. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó lo àgbàlá kìíní àti ìkejì nìkan, ó pẹ́ tán, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, òun yóò kó tòun. Ràsáàkì mọ̀ pé àgbàlá méjì ò lè gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún méjì ààbọ̀, inú ìkẹta ni wọ́n sì ń gbà kún ìkẹrin. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń sá fún ìjà, ó ní ó dáa. Ó fi àpò iyanrìn méjì dí ihò ara ògiri, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ó gbà pé ó tó.

Pọ́ǹpù tuntun náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Olúkúnlé dúró tì í lẹ́bàá adágún lókè, ó fi aṣọ ìnujú bo imú. Ràsáàkì wà nísàlẹ̀ níbi tí páìpù ti ń pọ̀ ọ́ jáde. Àgbàlá kìíní kún kọjá ààlà, ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í kún, òórùn náà sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi kúrò nítòsí. Nínú àgbàlá kẹta, Àdìjátù àti Kíkẹ́ ti ń kó gbodo láti ìpẹ̀kun ọ̀hún bọ̀, wọ́n ń yára.

Ràsáàkì rí i tí àpò iyanrìn kìíní ń sun omi dúdú. Ká ní ó kígbe nígbà náà ni! Ká ní ó ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù! Ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń rò ó. Tó bá sọ pé ògiri ti luhò, Olúkúnlé yóò béèrè ẹni tó lù ú, ayé sójà sì nìyí, wọ́n ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé. Nígbà tó wá sáré gòkè, ohun tó sọ ni pé àgbàlá ti kún.

“Mẹ́rin ni wọ́n,” Olúkúnlé dá a lóhùn. “Darí ẹ̀ sí méjì tó kù.”

Ràsáàkì wo páìpù, ó wo bàtà rẹ̀. Kó tó sọ̀kalẹ̀ padà, àpò iyanrìn ti wó.

Àdìjátù ló kọ́kọ́ rí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà gba ihò wọlé, ó ń wọ́ bọ̀ lábẹ́ gbodo, kò kánjú rárá. Wọ́n fi ọwọ́ gbá a, wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé e, wọ́n fi ara wọn sáàárín. Nígbà tí Ràsáàkì fi rí ohun mìíràn dí ihò náà, ìdá kan nínú mẹ́ta gbodo ti rì, ìyókù wà nínú agbọ̀n àti lórí ilẹ̀ gbígbẹ, Kíkẹ́ sì wà láàárín wọn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Òfin kan wà nínú ilé Ràsáàkì láti ọdún mẹ́tàlá, Àdìjátù ló ṣe é. Aṣọ iṣẹ́ Ràsáàkì kì í wọlé. Ara ìṣó lẹ́yìn ilé ló ń gbé e kọ́, ibẹ̀ ló ti ń wẹ̀ kó tó ṣe àlùwàlá, àwo tó sì fi ń mumi níbi iṣẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ náà, Àdìjátù ru agbọ̀n gbodo kọjá lára ìṣó náà, ó gbé e wọ pálọ̀. Ràsáàkì bọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà.

Gbogbo Ìdí-Àràbà, àdúgbò wọn, ti gbọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án. Ẹni tó wá yá ọlọ wá, ẹni tó wá béèrè ewúrẹ́ tí kò sọnù wá. Wọ́n ní ẹ kú ọ̀ràn, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́, ojú wọn ò sì kúrò lára agbọ̀n. Wọn ò tíì dé ìta tí wọ́n ti ń bi ara wọn pé gbodo ta ni wọ́n rà lọ́dún tó kọjá. Àwáwù wá ní tirẹ̀, ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí Àdìjátù fi ọṣẹ fọ èyí tó rì, kó sá a sórí páànù, oòrùn ọ̀sán kan ti tó. Ó ní ṣe bí wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á fi omi híhó rò ó, kí ló tún kù nínú ẹ̀? Ó ní àwọn ará Ìbàdàn ń jẹ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń ba Àwáwù. Tirẹ̀ ti wọ ọjà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wádìí ohun tó ti inú àgbàlá símẹ́ńtì jáde.

Kíkẹ́ se oúnjẹ ọ̀sán. Ọkà ló rò, nítorí èlùbọ́ ọdún tó kọjá ló wà nílé, òun náà ló gbé síwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ràsáàkì wo ọkà náà, ó ní kí wọ́n bá òun rẹ gàárì.

“Ọdún méjì lẹ ti ń jẹ ẹ́,” Àdìjátù wí.

“Nígbà yẹn, símẹ́ńtì lásán ni.”

“Tòní náà, símẹ́ńtì lásán ni títí ẹ fi ṣí páìpù sí i.”

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ràsáàkì ní kí wọ́n da gbogbo gbodo náà nù, èyí tó rì àti èyí tí kò rì. Ó ní ohun tó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tútù, òun mọ̀ ọ́n, òun ló ń lo oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nítorí rẹ̀. Ẹyin aràn inú ẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí òjò ọdún kan lù ú. Àdìjátù ní kí ló dé tí kò sọ gbogbo ìyẹn láàárọ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni ẹnu rẹ̀ ń là. Ràsáàkì mí kanlẹ̀, ó fẹ́ fi òwe parí ọ̀rọ̀ bí àwọn baálé ilé ṣe ń ṣe. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

“Ta ló la ògiri lẹ́nu, Bàbá Kíkẹ́?” Àdìjátù bi í. “Èmi nìkan ni? Ọdún méjì lẹ fi ń rí ihò yẹn lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ tèmi.”

Ràsáàkì ti abọ́ ọkà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde.

Nígbà tó yá, Àdìjátù fúnra rẹ̀ da èyí tó rì nù sẹ́yìn ilé. Ó ní òun kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, tí kò fara kan nǹkan kan, Fàtímọ̀ yóò kó o, Kíkẹ́ yóò sì wọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó di etí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sínú àpò. Kíkẹ́ bá a mú ẹnu àpò dání.

“Ìyá mi, agbọ̀n kan náà la fi kó gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ kan náà.”

“Ta ni mo ń ṣe é fún?” ìyá rẹ̀ wí. “Dá mi lóhùn. Ta ni?”

Omi lé sójú Kíkẹ́. Ó mú ẹnu àpò dání títí àpò fi kún, wọ́n sì mú òmíràn.

Ìgbà ìrun Alásárì, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ni Fàtímọ̀ dé pẹ̀lú mọ́tò akẹ́rù kékeré rẹ̀, ìbòrí rẹ̀ funfun, eruku ti sọ ọ́ di pupa. Obìnrin aláwàdà ni. Ọdún keje rèé tó ti ń ra gbodo lọ́wọ́ Àdìjátù, kì í sì í kọjá sílé ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kí tọkọtìyàwó, ó bi Kíkẹ́ pé ìgbà wo ni òun yóò wá bímọ sọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ nígbà tí kò rí ẹni bá a rín in. Wọ́n tú ẹnu àpò kìíní fún un.

Bí wọ́n ṣe ń ra gbodo níbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́, ni pé ẹni tó fẹ́ rà á yóò mú ẹyọ kan, yóò ṣẹ́ ẹ sí méjì létí kó gbọ́ ìró rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó gbẹ. Yóò fún ẹni tó ń tà á ní ìlàjì, àwọn méjèèjì yóò sì jọ rún un lẹ́nu, láti mọ̀ bóyá ó kan. Wọn kì í dárúkọ owó títí ẹnu méjèèjì yóò fi dákẹ́. Àdìjátù ti ṣe é tó ìgbà àìmọye, kò sì rántí rẹ̀ rárá ní gbogbo ọ̀sán tó fi ń jà.

Gbodo ró pọ́ lọ́wọ́ Fàtímọ̀. Ó ti gbẹ dáadáa. Fàtímọ̀ yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó na ìlàjì sí i.

Àdìjátù gbà á. Ó gbé e dé àyà, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ètè. Ràsáàkì wà nítòsí ògiri pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá, omi ń dà sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, kò mọ̀. Kíkẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fàtímọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà Ìsẹ́yìn tó ti bàjẹ́, gbodo ti kan eyín rẹ̀ báyìí, nígbà tí Àdìjátù na ọwọ́, ó gbà á kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ má jẹ ẹ́,” ó wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Fàtímọ̀. Ó wo Àdìjátù, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì nu ìka rẹ̀ sára ìró, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó béèrè ni ibi tí Ìyá Mùstàfá sá tirẹ̀ sí, èyí tí òun rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ràsáàkì yára ní tìyẹn dára, kò sí ohun tó fara kan tìyẹn. Fàtímọ̀ gbọ́ ọ títí, ó ká àpò òfìfo rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó kí wọn pé ó dàárọ̀. Lẹ́yìn ọgbà ilé wọn, ilẹ̀kùn Àwáwù tó ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ rọra tì.

Mọ́tò Fàtímọ̀ ò tíì wọ títì dáadáa tí alùpùpù Olúkúnlé fi dé. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, àwọn aláyẹ̀wò ò wá mọ́, mọ́tò wọn ò ní epo, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kò burú ṣá, iṣẹ́ ti tán. Ó sì rí àwọn àpò tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan.

“Ìyá Kíkẹ́, ẹ má gbàgbé èlùbọ́ tèmi o. Tọdún tó kọjá dùn.”

Àdìjátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣì mú ìlàjì gbodo méjèèjì dání. Kò gbé orí sókè. Ràsáàkì gbé kẹ́tù sílẹ̀.

“Kò sí èlùbọ́ lọ́dún yìí, Olúkúnlé,” ó wí.

Orúkọ náà, láìsí ọ̀gá níwájú ẹ̀, ya gbogbo wọn lẹ́nu, ó ya Ràsáàkì alára lẹ́nu. Olúkúnlé ń retí kó fi ọ̀gá kún un. Nígbà tí kò fi kún un, ó ṣáná sí alùpùpù, ó lọ.

Ràsáàkì mú ọkọ́, ó lọ gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé. Kíkẹ́ wọ yàrá, ó mú aṣọ tó fi ń nù ún kúrò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀, ó ká a sórí ẹní, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ó tú ẹnu àpò kìíní, ó bu gbodo kún un dé ẹnu, ó sì gbé e tẹ̀lé bàbá rẹ̀.